Wọ́n Ní Àpá Ìṣó Ń Rí Wọn Lára

Nígbà tí Ọmọ Máríà na ọwọ́ láti fa ẹja yíyan ya fún àwọn apẹja létí òkun, obìnrin kan tó jókòó ní ìlà kejì fi ìborí bo imú bí ẹni tí òórùn òkú eku kọlù lójijì.

Àpá méjì ló wà lọ́wọ́ náà, ọ̀kan ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní tòsì. Wọ́n rí roboto bí bọ́tìnnì ẹ̀wù, wọ́n dúdú láàárín, wọ́n sì pọ́n létí. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tí wọ́n fi hàn lára ògiri àwòrán. Síbẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń ka ìlù ọkàn àwọn ogójì ènìyàn tí wọ́n pè wá dán ètò náà wò bẹ̀rẹ̀ sí í pàwọ̀ dà. Àwọ̀ ewé di ìyeyè, ìyeyè di pupa, lára ẹnì kan dé ara ẹnì kejì, títí gbogbo gbọ̀ngàn fi pọ́n bí ìgbà tí iná ń jó igbó. Àwòrán dúró, ẹja náà ya dé ìdajì lọ́wọ́ Ọmọ Máríà. Ohùn kan tó tutù bí omi àmù wá láti òkè àjà.

"Ẹ má bínú. Ohun tí ẹ rí yẹn kò tù yín lára. A ti gbé e kúrò."

Nígbà tí àwòrán tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ọwọ́ Ọmọ Máríà ti jọ̀lọ̀ bí ọwọ́ ọmọ ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdí pa. Ó fa ẹja ya, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń pe àwọn ogójì náà lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí inú etí kálukú ni ohùn náà ti ń sọ̀rọ̀. Ó sọ fún olúkúlùkù pé kò sí ohun kan tó kù díẹ̀ káàtó nípa rẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ wọn padà di àwọ̀ ewé. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́.

Díákónì Morádéyọ̀ Akínṣọlá jókòó sẹ́yìn pátápátá, itọ́ kíkan kún ẹnu rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Òun ni Olóǹtẹ̀ Ẹ̀kọ́ fún Ìjọ Oríṣun Ìyè. Òfin ìlú ni pé ètò èyíkéyìí tó bá dárúkọ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ dé ara ògiri ilé ẹnikẹ́ni, àfi tí ẹnì kan tó mọ ẹ̀sìn náà dénú bá tẹ àtàǹpàkò sí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn gbàgbọ́. Ọdún kọkànlá rèé tó jẹ́ pé àtàǹpàkò ọ̀tún Morádéyọ̀ ni ìjọ ń lò.

Ayọ̀kúnnú Ṣóbándé, ọkùnrin tó ń darí àwọn tó ń ṣe "Ọmọ Máríà", wá jókòó tì í. Ó mọ́ra, ó mọ̀wé, ó sì ní ọ̀wọ̀ fún àgbà.

"Mà, ẹ fojú ara yín rí i. Ẹni mẹ́tàdínlógójì nínú ogójì ló ní àpá yẹn ń rí àwọn lára."

"Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n ti sùn lọ, mà."

Kò rẹ́rìn-ín, Morádéyọ̀ náà kò rẹ́rìn-ín.

"Lọ́dún tó kọjá, àpá yẹn wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wí nǹkan kan."

"Wọ́n ti fa ìwọ̀n ohun tí ẹ̀rọ ń gbà láyè wálẹ̀ lóṣù tó kọjá, mà. Ohun tí ara gbà nígbà yẹn, ara ò gbà á mọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀, Olùtùnú á máa gé e fúnra rẹ̀ nílé kálukú. Ó sàn ká yọ ọ́ níbí, kó má baà dà bíi pé wọ́n gé wa."

Ọdún mẹ́jọ rèé tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ náà, Morádéyọ̀ kò pè é ní Olùtùnú rí. Àwọn tó ṣe é kì í ṣe onígbàgbọ́. Wọ́n kàn gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́ ni, ó dùn létí wọn, wọ́n bá mú orúkọ Ẹ̀mí Mímọ́ fún ohun tó ń ka ìlù ọkàn lọ́wọ́ ènìyàn, tó sì ń pa ìtàn dà kí ọkàn náà má baà gbọgbẹ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ilé ìyàgbẹ́ ló sáré lọ láti tutọ́. Ọjọ́ kejì, ó tẹ àtàǹpàkò sí i.

Ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn. Kò sí èyí tí kò tẹ̀. Pàṣán ni wọ́n kọ́kọ́ yọ. Ó ní kò burú, a lè sọ̀rọ̀ pàṣán láìfi ẹ̀jẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé àgbélébùú lọ sẹ́yìn òkè. Ó ní kò burú, ẹni tó bá ní òye á mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ìró òòlù àwọn ọmọ ogun di orin, orin náà sì gbòde kan débi pé àwọn ọmọ iléèwé ń fi fo okùn, tí ẹni tó ń fọ mọ́tò sì ń fi súfèé. Ó ní ó kéré tán wọ́n ń kọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, àwọn òǹwòran fẹ́ràn ẹni tó ń ṣe Júdásì jù, wọ́n dìbò pé kó má da ọ̀gá rẹ̀. Kò dà á lóòótọ́. Ọmọ Máríà wá ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè lọ síbi ikú bí ẹni ń lọ síbi ìgbafẹ́. Níbi tó ti ń wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn, ó gbé ọṣẹ sókè fún ìgbà díẹ̀, kí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè hàn kedere.

Morádéyọ̀ dìde.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ òǹtẹ̀?"

"Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la, mà. Aago méjìlá ló máa dé ara ògiri."

"Màá lọ rí Bíṣọ́ọ̀bù."

*

Bíṣọ́ọ̀bù Jòsáyà Fágbèmí ń fi ahọ́n yí súìtì kan kiri lẹ́nu nígbà tí Morádéyọ̀ wọlé. Eyín ọ̀gàn rẹ̀ kan ló ń dùn ún. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa Ọlọ́run, ọdún kan náà ni wọ́n jáde, nítorí náà tó bá ti ku àwọn nìkan, orúkọ ni wọ́n fi ń pe ara wọn.

"Morádéyọ̀, jókòó. Wọ́n ti sọ fún mi. Ojú ẹ le."

"Jòsáyà, ó rí mi lára."

"Èwo ló rí ẹ lára? Àpá yẹn ni àbí yíyọ tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́?"

"Gbogbo ẹ̀. Ọṣẹ yẹn rí mi lára. Orin ìṣó yẹn rí mi lára. Tí mo bá gbọ́ bó ṣe ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé wọn ò ní àléébù, ṣe ló dà bíi pé wọ́n ń da omi ṣúgà sí mi lọ́rùn. Àtàǹpàkò mi yìí, tí mo bá fẹ́ fi jẹun, mo kọ́kọ́ máa ń wò ó."

Bíṣọ́ọ̀bù gbé súìtì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. "O rántí ọjà Ìdí-Orógbó?"

"Báwo ni mi ò ṣe ní rántí?"

"Ìgbà òjò méjì gbáko la fi dúró wàásù níbẹ̀, ìwọ mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, èmi mú agboòrùn. Ènìyàn mélòó ló tẹ̀lé wa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Mẹ́ta."

"Ọ̀kan nínú wọn, torí pé ó fẹ́ fẹ́ ẹ ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ṣíwọ́. "Àwọn bàbá wa sé ilẹ̀kùn mọ́ gìtá, wọ́n sé e mọ́ ijó, wọ́n sé e mọ́ àwòrán. Àwọn ọmọ wọn bá gìtá lọ. Ìwọ àti èmi la ka iye àga tó ṣófo. Ní báyìí, mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn ló ń gbọ́ orúkọ Rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Áténì, èébú kọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ewì tiwọn ló fi bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ó fi ewì wọn bẹ̀rẹ̀. Kò fi parí. Nígbà tó dé ibi àjíǹde, wọ́n fi í ṣẹ̀sín, àwọn kan dìde lọ. Kò tìtorí wọn yọ àjíǹde kúrò."

"Tí wọ́n bá lé wa kúrò lára ògiri ńkọ́? Ta ló máa sọ àjíǹde fún àwọn mílíọ̀nù mẹ́rin yẹn?"

Ìbéèrè gidi ni, Morádéyọ̀ sì mọ̀ pé Jòsáyà kò bi í láti fi borí rẹ̀ lásán. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn àwọn ènìyàn. Ibi tó ti fẹ́ràn wọn gan-an ni ìdin ti wọlé.

"Tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ lọ́la, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Èmi á tẹ̀ ẹ́. Òfin fún mi láyè. Ìwọ á kọ ìdí tí o fi kọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ìdí yẹn han gbogbo òǹwòran kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ipò Olóǹtẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ." Ó gbójú sókè wò ó. "Máà jẹ́ kó dé bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà ẹ́ gbọ́ ju bí wọ́n ṣe gbà mí gbọ́ lọ."

*

Obìnrin kan ń dúró de Morádéyọ̀ lẹ́nu géètì nígbà tó jáde. Ojú tí awò ìtura fi bo ojú obìnrin náà, Morádéyọ̀ ti rí i lára ẹni mẹ́ta lọ́sẹ̀ yẹn nìkan: ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún dáadáa, imú tó ṣe rẹ́gí, ẹ̀rín tí kò lọ tí kò bọ̀. Ojú àyálò ni. Awò tó wà nínú ẹyinjú gbogbo ènìyàn ló máa ń yá a fún ẹni tí ojú tirẹ̀ kò ṣe é wò.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. Moríyìíkẹ́ lorúkọ mi. Láti Etí-Abúlé-Omi ni mo ti wá. Ara ilé mi kan wà lára àwọn tó wá wo ètò láàárọ̀. Ó ní ẹ fẹ́ yọ àpá ọwọ́ Jésù."

"Èmi kọ́ ni mo fẹ́ yọ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń tẹ̀ ẹ́, mà."

Morádéyọ̀ wo àtàǹpàkò rẹ̀.

"Iṣẹ́ títún bátìrì ọkọ̀ ojú omi ṣe ni mo ń ṣe tẹ́lẹ̀," ni Moríyìíkẹ́ wí. "Ọ̀kan gbiná mọ́ mi lójú. Ọdún kẹfà rèé. Látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó tíì rí mi. Ọkọ mi pàápàá kò rí mi títí tó fi kó lọ. Ó ní òun kò mọ ẹni tí òun ń bá gbé, torí gbogbo ìgbà tí òun bá wò mí, ẹlòmíì ni òun ń rí. Èmi kì í ṣe onígbàgbọ́ nígbà yẹn. Orin inú ètò yín ni mo ń tẹ̀lé. Ní ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, Ọmọ Máríà jí dìde, ó na ọwọ́ sí Tọ́másì, àpá wà níbẹ̀. Mo dìde lórí àga. Mo ní, ẹni tó lágbára láti jí nínú òkú, kò lè rí àpá méjì nù? Ó fi wọ́n sílẹ̀ ni. Kò sì yá ojú ẹlòmíì lò. Mo sunkún títí ẹ̀gbà ọwọ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n rì mí bọmi."

Ohun tó dun Morádéyọ̀ ni pé inú ètò tó ń rí i lára yẹn, láàárín ọṣẹ àti orin òòlù, ni obìnrin yìí ti rí Olúwa.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ yọ awò yín. Ẹ wò mí lẹ́ẹ̀kan péré."

"Kò bófin mu lójú títì."

"Ẹ jẹ́ ká bọ́ sẹ́yìn ògiri."

Wọ́n bọ́ sẹ́yìn ògiri, lẹ́bàá ọgbà òdòdó tí Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ràn. Morádéyọ̀ fi ìka méjì yọ awò ọ̀tún, ó yọ ti òsì. Òdòdó ló kọ́kọ́ pòórá. Òkìtì ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀, ọ̀rá, egungun ẹja, omi aláwọ̀ ewé tó ń hó, eṣinṣin bò ó. Ọdún mélòó ló ti ń gba ibẹ̀ kọjá, tó ń yin ọgbà náà? Ó wá gbójú sókè.

Ẹ̀gbẹ́ kan ojú Moríyìíkẹ́ ti yọ́, ó sì ti dì padà bí àbẹ́là. Ìpéǹpéjú kan ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ètè òkè ti fà sókè, eyín àti èrìgì hàn síta, itọ́ sì ń kán sórí aṣọ ìnujú tó fi mọ́ àgbọ̀n. Èébì gun Morádéyọ̀ wá sọ́nà ọ̀fun. Kò mọ ìgbà tó yíjú.

Òun náà ló jókòó sínú gbọ̀ngàn láàárọ̀, tó ń fi ojú burúkú wo obìnrin tó fi ìborí bo imú nítorí àpá tí kò ju bọ́tìnnì lọ. Ìtìjú bò ó, ṣùgbọ́n ìtìjú náà kò mú kí inú rẹ̀ rọlẹ̀.

Moríyìíkẹ́ kò bínú. Ó dúró dè é bí ẹni tó ń dúró kí òjò dá.

"Oṣù mẹ́ta ni èmi fúnra mi fi sá fún díńgí, mà. Ó máa ń mọ́ni lójú tó bá yá. Ṣùgbọ́n ènìyàn ní láti máa wò ó ni."

Morádéyọ̀ yíjú padà. Ó wò ó. Ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ló lè fi wò ó kí ojú rẹ̀ tó tún sálọ, ṣùgbọ́n ó wò ó.

*

Nígbà tó di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ayọ̀kúnnú gbé pátákó òǹtẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú yàrá ìpàdé. Bíṣọ́ọ̀bù jókòó sí òdìkejì tábìlì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú. Àwọn alàgbà méjì ṣe ẹlẹ́rìí.

"Mi ò tẹ̀ ẹ́," ni Morádéyọ̀ wí.

"Ẹ kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀, mà," ni Ayọ̀kúnnú fèsì, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ó kọ ọ́. Gbogbo òru ló fi wá ọ̀rọ̀ náà, kò sì gùn: *Ẹni tí wọ́n kàn mọ́ igi ni mo mọ̀. Èyí tí ẹ fẹ́ wò yìí, n kò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ẹ foríjì mí. Ẹ má gbà á gbọ́.*

Bíṣọ́ọ̀bù kà á. Lẹ́yìn náà, ó na àtàǹpàkò tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Pátákó náà dún tín-ín bí agogo kékeré.

Morádéyọ̀ kò lọ sílé. Ó fẹ́ rí i. Ó jókòó sí yàrá àbáwọlé níbi tí ògiri àwòrán ńlá wà, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀, àyà rẹ̀ fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ipò. Mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn á gbọ́ gbólóhùn mẹ́rin.

Nígbà tí aago méjìlá lù, ògiri tàn. Ojú òun fúnra rẹ̀ ló yọ.

Ó sàn ju ojú tirẹ̀ lọ. Wọ́n ti fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pa irun funfun. Ojú náà rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báláú. Ohùn náà jẹ́ ohùn rẹ̀ láìkù síbì kan.

"Ẹ̀yin olùfẹ́ mi, ẹ káàbọ̀. Èmi Díákónì Morádéyọ̀ ni. Ẹni tí ẹ fẹ́ wò yìí, mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ẹ gbà á gbọ́. Ẹ sì máa gbádùn."

Orin òòlù bẹ̀rẹ̀.

Ó pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé òun ti dìde. Ayọ̀kúnnú ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wò ó lójú.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Kò sẹ́ni tó ṣe é, mà. Ẹ̀rọ náà ni. Ó ní ọ̀rọ̀ yín máa da ọkàn àwọn ènìyàn rú, ó bá tún un ṣe. Òfin ní kí wọ́n fi ìdí yín hàn." Ó gbé itọ́ mì. "Wọ́n ti fi hàn."

"O sì rí i kó tó jáde?"

"Mo rí i, mà."

Bíṣọ́ọ̀bù sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó ti rí i. Ó wo Morádéyọ̀, ó wo ògiri, níbi tí Ọmọ Máríà ti ń fa ẹja ya pẹ̀lú ọwọ́ ọmọ ìkókó.

"Morádéyọ̀, mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi."

"Dá a dúró."

"Kò ṣe é dá dúró mọ́." Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wò ó. Ó kéré tán, kò sẹ́ni tó máa bínú sí ẹ báyìí. O lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la bíi pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn alàgbà ò ní sọ̀rọ̀."

Èébì tó ti ń gùn ún láti àná kò dúró mọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó bì sínú ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Nígbà tó ṣe tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó tú káàdì iṣẹ́ lọ́rùn, ó gbé e lé Jòsáyà lọ́wọ́, ó sì jáde. Jòsáyà dúró síbẹ̀, ó di káàdì náà mú bí ẹni tí wọ́n gbé nǹkan gbígbóná fún. Kò pè é padà.

*

Inú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Etí-Abúlé-Omi kún. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́sẹ̀ ṣí ibi jíjókòó fún Morádéyọ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀yin kọ́ nìyí? Ọ̀rọ̀ yín ọ̀sán yìí tù mí lára gan-an, mà."

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Òdì ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n gbé jáde."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ pa ọwọ́ rẹ̀. "Ìrẹ̀lẹ̀ yín náà nìyẹn. Mo sọ fún ọmọ mi pé ẹni Ọlọ́run kì í gba ògo."

Ọkùnrin méjì kí i láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó rí i pé bí òun ṣe ń jiyàn tó ni wọ́n ń fẹ́ràn òun tó, ó bá dákẹ́. Ó yọ awò rẹ̀. Omi ọ̀sà náà kò búlúù. Ó dúdú, ó sì ń rùn.

Lórí pèpéle igi níwájú ilé ni ó ti bá Moríyìíkẹ́, tó ń ṣa ẹja gbígbẹ sínú agbọ̀n. Oòrùn ṣì wà lókè. Morádéyọ̀ wo ojú rẹ̀ gan-an, ó ṣì ń rí i lára, ó sì ń wò ó lọ.

"Mo rí yín lára ògiri," ni Moríyìíkẹ́ wí láìdìde. "Ẹ ń rẹ́rìn-ín."

"Mo wá sọ fún ẹ pé èmi kọ́."

"Mo mọ̀. Àná ni mo rí bí ojú yín ṣe máa ń rí." Ó ju ẹja kan sínú agbọ̀n. "Ẹ wọkọ̀ láti orí òkè wá síbí láti wá sọ ohun tí mo mọ̀ fún mi?"

"Kí ni mo lè ṣe? Mo sọ ọ́ nínú ọkọ̀, wọn ò gbà mí gbọ́."

"Àwọn ará àdúgbò mi ń jókòó sílé báyìí, wọ́n ń sọ pé Díákónì ti ní kò sí àpá mọ́. Àwọn ni kí ẹ lọ bá." Inú ń bí i, kò sì bò ó. "Pẹ̀lú ojú mi tó rí báyìí, èmi ni mo máa ń lọ kan ilẹ̀kùn wọn láti sọ fún wọn. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún ojú àyálò yẹn, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé òǹtẹ̀ ara ògiri ni iṣẹ́ yín, ìgbà wo lẹ kan ilẹ̀kùn gbẹ̀yìn?"

Morádéyọ̀ rò ó. Ó tó ọgbọ̀n ọdún.

Moríyìíkẹ́ dìde, ó nu ọwọ́, ó sì lọ láti ilé dé ilé lórí afárá igi náà. Ó pe ènìyàn méje. Wọ́n jókòó káàkiri lórí pèpéle, àwọn kan lórí àwọ̀n, àwọn kan lórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

"Díákónì fẹ́ sọ ìtàn kan fún yín," ni Moríyìíkẹ́ wí. "Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó yọ awò, kó sì bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́."

Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì dìde, ó ní òun ní iṣẹ́. Obìnrin kan yọ awò rẹ̀, ó rí Moríyìíkẹ́, ó pariwo, ó gbé ọwọ́ bo ojú, ó sì wọlé lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ bá a lọ. Ó ku àwọn mẹ́rin. Moríyìíkẹ́ wo ilẹ̀kùn tí wọ́n pa dé náà, ó sì jókòó.

Morádéyọ̀ kò ní ìwé lọ́wọ́, kò ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn òǹwòran ti ní kí Júdásì má da ọ̀gá rẹ̀. Ó ní Júdásì dà á, ó sì fi ẹnu kò ó lẹ́nu láti fi dà á. Ó sọ̀rọ̀ pàṣán, ó sọ bí egungun tí wọ́n so mọ́ ẹnu pàṣán náà ṣe máa ń ya ẹran ara. Ó sọ bí wọ́n ṣe bọ́ ọ síhòòhò lójú ìyá rẹ̀. Kò kọrin nígbà tó dé ibi òòlù. Ó sọ bí ìṣó ṣe rí, bó ṣe gùn tó, ibi tó gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde, àti pé eṣinṣin wà níbẹ̀, torí pé ọ̀sán ni, ẹ̀jẹ̀ sì wà.

Àgbàlagbà apẹja kan tó ń jẹ́ Bàbá Ọláìítán, tó jókòó sún mọ́ ọn jù, ti bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún ó dín díẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ ohun tó korò fún un. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tí èébì ń gbé, èjìká rẹ̀ sì ń fò sókè. Morádéyọ̀ dákẹ́. Ó rò pé bàbá náà fẹ́ dìde lọ.

Bàbá náà mí kanlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ó sì tutọ́ sínú omi.

"Ẹ má dúró," ló wí. "Wọ́n ti kan ọ̀kan. Ọwọ́ kejì ńkọ́?"